Ọkọ̀ Asáré Tí Ìyá Mi Bá Mi Yàn

Ọdún tí mo pé àádọ́ta ni mo pinnu pé n ó ra ọkọ̀ tó ń sáré. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun o. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára, tó sún mọ́lẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku. Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé ìwé girama kan l'Ábẹ́òkúta. Ogún ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń da bisikíìtì sí. Àwọn ọmọ ti wá lọ sí yunifásítì báyìí, ó sì kan èmi náà láti gbádùn ara mi.

Ọkọ mi kò bá mi jiyàn lórí pé mo fẹ́ ra ọkọ̀. Epo tí yóò máa mu ló di ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ẹnjiníà ni, dísù ló sì fẹ́ràn.

"Ìyàwó, wo àwọn òkè ìlú yìí," ló máa ń wí nídìí oúnjẹ àárọ̀. "Ẹ̀rọ dísù ò ní í janpata kó tó gùn wọ́n. Jálá kan rẹ̀ á sì gbé ọ jìnnà ju ti bẹntiróòlù lọ."

Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ló ń wù mí.

Ní Sátidé kan, a lọ sọ́dọ̀ Àlájì kan tó ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa ní Adigbe nígbà náà, ó sì ní òun ò ní í dá jókòó sílé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò rí i kó jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ méjì ló bá ohun tí mo ń wá mu, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe méjèèjì. Dúdú ń mu dísù, búlúù ń mu bẹntiróòlù. Dúdú la kọ́kọ́ gbé jáde. Bí mo ṣe tẹ iná sí i lórí òkè kan báyìí, ṣe ló tì mí mọ́ àga. Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un.

Nígbà tí a padà dé, Àlájì bi mí pé, "Mà, níbo lẹ ó máa gbé e lọ lójoojúmọ́?"

"Adigbe sí Ìbarà, níbi iṣẹ́ mi. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ."

Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Tó bá jẹ́ Àbújá lẹ ń lọ ni, n bá ní kẹ́ ẹ mú dúdú. Asẹ́ kan wà níbi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Ìrìn jíjìn ló ń mú kí ẹ̀rọ gbóná tó láti jó ẹ̀gbin inú asẹ́ yẹn dànù. Ìrìn kúkúrú á dí i pa, ẹ ó sì padà wá bá mi jà."

"Àlájì, dúdú ló wọ́n jù o," ni ọkọ mi wí.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Adigbe lèmi náà ń gbé. A ó máa pàdé."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

A wá wọ búlúù. Ìyá mi jókòó níwájú, ọkọ mi ká ara rẹ̀ sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ojú ọ̀nà dá, mo tẹ iná. Ohùn ẹ̀rọ náà ga, ó tún ga sí i, ara mi sì yá gágá. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá mi ni! Ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, ó ń fọwọ́ lu itan.

"Ṣé ibi tó lè sáré mọ nìyẹn?"

"Màámi, òfin ò gbà ju báyìí lọ."

"Ó dáa. Yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kó o sọ̀ kalẹ̀ fún mi."

Ọkọ mi nà síwájú. "Mà, ìwé ìwakọ̀ ńkọ́?"

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde. Ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá rárá. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ tán ló ń lọ gba òmíràn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ò bi mí," ló wí.

Ó wà á lọ títí dé ìta Òṣíẹ̀lẹ̀, ó sì wà á padà. Ó ń yí jíà láìwo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Ọkọ mi fi ọwọ́ méjèèjì di ìlẹ̀kùn mú. Nígbà tí Àlájì rí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀, ó pariwo, "Súbúhánalláhì! Màmá!"

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bẹntiróòlù ni," ló wí.

Búlúù la rà. Ó ń mu epo lóòótọ́, ọkọ mi ò sì gbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí a bá yà nílé epo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ìsìn bá ti parí, òun ló máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá táyà rẹ̀ ṣì dáa.