Bí Fáòsíátù Ṣe Tún Wàrà Mọ̀

Ọmọ Ṣakí ni Fáòsíátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Maimunat, ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé ní Ìbá, nílùú Èkó. Wàrà ló ń tà. Fúlàní kan lọ́nà Bàdágìrì máa ń fi ọ̀kadà gbé mílíìkì màlúù ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ kùtù. Á gbé e kaná, á fi omi ewé bọmubọmu sí i títí yóò fi dì, á gé e, á sì rẹ ẹ́ sínú omi ara rẹ̀. Ọjà inú bárékè Ọ̀jọ́ ló ń gbé e lọ.

Wàrà kì í pẹ́ bàjẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó máa ń dùn bí ẹni mu mílíìkì. Tó bá di ọjọ́ kejì, á kan díẹ̀, irú ẹ̀ gan-an sì làwọn kan ń wá, wọ́n ní òun ló dùn ún dín. Ṣùgbọ́n kò jìnnà láti orí kíkan bọ́ sórí bíbàjẹ́. Imú ni Fáòsíátù fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ṣí ìdérí báyìí, á ti sọ pé, "Ẹ jẹ èyí kó tó di ìrọ̀lẹ́ o," tàbí, "Ẹ má ra èyí, mo fẹ́ dà á nù ni." Ohun tí àwọn ìyàwó sójà ṣe fọkàn tán an nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀fìnkìn líle kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó dìde, ó da ata sínú epo gbígbóná, kò gbóòórùn ohunkóhun. Ó gbé kẹrosíìnì símú, bí omi lásán ló rí. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣe sùúrù, ó lè padà, ó sì lè má padà. Fáòsíátù ò sọ fún ẹnì kankan. Ta ni yóò ra wàrà lọ́wọ́ ẹni tí imú ẹ̀ ti kú? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú lásán wò ó.

Ní Ọjọ́rú kan, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà, oníbàárà bíi mẹ́fà sì yí i ká. Bámikẹ́, ìyàwó sájẹ́ńtì kan, ló kọ́kọ́ mú ọ̀kan. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ó rọra dá a padà, ó dé abọ́ náà.

"Ẹ má bínú o," ó sọ fún àwọn yòókù, "èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi gbé gbogbo eléyìí wá. Ó dọ̀la."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyá Maimunat, wàrà yìí ti kọjá. Ó ń rùn. Kí ló dé? Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbé irú èyí jáde."

Omi lé ròrò sójú Fáòsíátù. "Bámikẹ́, mi ò gbóòórùn mọ́. Ó ti lé lóṣù kan."

"Ẹ ò sì sọ fún mi! Ṣé imú tèmi náà ti kú ni? Láti ọ̀la lọ, kẹ́ ẹ tó pàtẹ, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀, ní fàráńdà Bámikẹ́. Bámikẹ́ á gbóòórùn wàrà, Fáòsíátù á sì fìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí Bámikẹ́ bá pè ní dáadáa, tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, á tún dìde, ara rẹ̀ á mọ́. Èyí tó bá ti ń kọjá lọ, abẹ́ rẹ̀ á máa yọ̀ bí ilá, omi rẹ̀ á sì máa fà. Fáòsíátù á di ojú, á fi àtàńpàkò pa á wò. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣì í gan-an, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Bámikẹ́ sọ lọ́jọ́ kan pé gbogbo wàrà ọjọ́ náà ló dára. Fáòsíátù yọ mẹ́rin sọ́tọ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ò ní í rí ọ̀sán."

"Màmá, kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Wọ́n fi wọ́n sínú ike kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ti iléèwé dé, Bámikẹ́ ṣí i, ó sì yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ló bá pe Fáòsíátù lórí fóònù. "Ìyá Maimunat, ẹ ti jù mí lọ!" Ìyànà-Ìbá ni Fáòsíátù wà, ó ń rẹ́rìn-ín lójú pópó títí àwọn èèyàn fi ń wò ó.

Lẹ́yìn èyí, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé imú òun ti kú, ìka lòun fi ń mọ wàrà. Obìnrin kan ṣoṣo ni ò rà mọ́.

Imú náà ò tíì là títí dòní. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, iṣẹ́ ológun gbé ọkọ Bámikẹ́ lọ sí Kàdúná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Fáòsíátù gbé wàrà díndín tó kún kúlà kan wá, ó sì kúnlẹ̀.

"Háà! Ẹ dìde, Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Jẹ́ kí n dúpẹ́. Ò bá ti pariwo mi, wọn ò sì ní í dá ẹ lẹ́bi. O bò mí láṣìírí. Àwọn ọmọ ẹ ò ní í rí ìtìjú láéláé."

"Àmín, Màmá mi."

Bámikẹ́ fà á dìde, wọ́n sì di mọ́ ara wọn títí dírẹ́bà fi tẹ fèrè.