Ìlà Mẹ́rìnlélógún

Ọdún kọkànlélógójì rèé tí mo ti ń bá ọkọ mi, Kuramochi Tadao, gbé, ó sì ti rẹ̀ mí. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà náà, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa to ẹ̀rọ orin àtijọ́, irú èyí tí gílóòbù orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kó tó lè fọhùn. Sípíkà méjì kan ló fà á. Wọ́n ga jù mí lọ, wọ́n gba yàrá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílé, wọn kì í sì í yó. Ẹ̀rọ márùn-ún ló ti tò fún wọn, ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kò sọ nǹkan míì mọ́.

Nígbà òjò, mo sọ fún un pé Fumie àbúrò mi ń bọ̀ láti ọsibítù, yàrá yẹn ni yóò máa sùn.

"Ìyá Natsuko, ẹ̀rọ kan péré sí i. Kí n gbọ́ wọn dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí n tó kó wọn fún ẹni tó bá fẹ́."

"Márùn-ún àkọ́kọ́ ńkọ́, Bàbá Natsuko?"

"Ebi ló ń pa wọ́n."

"Ebi ń pa èmi náà!"

Ó ní tiransifọ́mà tó ń fún ẹ̀rọ níná, èyí tí wọ́n ń tà, kò lágbára, òun yóò fọwọ́ ara òun ká a: wáyà bàbà, ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì àti irínwó. Èmi àti Fumie la kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká a tí kò fi ní í já, torí ilé iṣẹ́ ahunṣọ sẹ́dà ní Kiryū la ti lo ìgbà èwe wa. Ọwọ́ Fumie yá ju tèmi lọ.

Òfin kan ló wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń kà. Tó bá ká ọgọ́rùn-ún, á fa ìlà kan sórí bébà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bi í bóyá yóò mu tíì, ẹ̀ẹ̀mejì ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Láàárọ̀ Wẹ́sidé, ó ku ọjọ́ méjì kí Fumie dé, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni. Fumie jẹun àárọ̀ tán, ó sùn, kò jí mọ́.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá sípíkà. Bàbá Natsuko kẹ̀yìn sí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà kẹsàn-án ni. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ jáde, yóò di òótọ́. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí Fumie ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe ń ká a.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó ju pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ìyá Natsuko, ó pé! Ẹyọ kan ò dín! Kí Fumie tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, n ó ti gbọ́ ọ, n ó ti kó wọn kúrò."

"Ẹ má kó wọn mọ́. Yàrá ti di tiyín."

Ó pẹ́ kó tó yé e.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè láti ọsibítù?"

Mo fa bébà náà sọ́dọ̀, mo fìka lé ìlà kẹsàn-án.