Àṣẹ Àmì tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ìgbà kan wà tí mo jẹ́ aláṣẹ ní Ìsọlọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fóònù nìkan ni àṣẹ náà wà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wà nígbà náà, òun náà ni mo ṣì ń wà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Àgọ́ Palace ló ń ya máàpù àdúgbò wa sórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní gbogbo ayé ló ni ín: ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Èmi tí n kò ní ilẹ̀ kankan ní Èkó, mo ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni máàpù rẹ̀.

Ẹ̀sùn tèmi jẹ mọ́ géètì kan ní Ailegun. Máàpù sọ pé ọ̀nà ibẹ̀ ṣí. Géètì sì wà níbẹ̀ tí wọ́n tì pa. Àwa onímárúwá á tẹ̀ lé máàpù débẹ̀, a ó sì ṣẹ́rí padà pẹ̀lú èrò tó ń bú wa. Mo fi ẹ̀sùn yìí ránṣẹ́ títí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olórí wọn fi pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè fọwọ́ kan máàpù fúnra rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n a ó fún yín láṣẹ láti máa lẹ àmì mọ́ ẹ̀sùn tó bá wọlé.”

Àmì méjì ni: “Kánjúkánjú” àti “Ó lè dúró”. Mo dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ baálẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lẹ Kánjúkánjú mọ́ ti géètì mi.

Kò pẹ́ tí àdúgbò fi gbọ́. Alhájà tó ni ilé tí mo ń gbé fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù òun kò hàn lórí máàpù. Ọ̀rọ̀ tó lè dúró ni, àmọ́ Alhájà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi.

“Bàbá Sùlìá, ṣé èmi ni mo lè dúró?”

“Háà, Alhájà! Ta ló gbọ́ irú ìyẹn?”

Mo lẹ Kánjúkánjú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lèmọ́mù dé, tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní kíkún. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ni yóò kọ ọ́ sára ọ̀rọ̀ àgbàlagbà pé ó lè dúró, níbi tí gbogbo ayé ti ń wò ó? Láìpẹ́, gbogbo ẹ̀sùn Ìsọlọ̀ di kánjúkánjú, ti géètì mi sì sọnù sáàárín wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣí fóònù, tí n kò rí ibi tí mo ti ń lẹ àmì mọ́. Wọn kò pè mí jókòó, wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Mo wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgọ́ Palace.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni olórí wí. “Ẹ fi ẹ̀hónú yín ránṣẹ́ sórí máàpù bíi ti gbogbo èèyàn.”

“Ṣé ẹ ó kà á?”

“Bí wọ́n bá ti lẹ àmì mọ́ ọn, a ó kà á.”

Mo fi í ránṣẹ́. N kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo béèrè ni pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu mi kí wọ́n tó dá mi lẹ́bi. Títí di òní, bí géètì yẹn bá tún dá mi dúró, mo máa ń ṣí fóònù wo ẹ̀hónú mi. Ó wà níbẹ̀ láìní àmì kankan, nítorí wọn kò tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò mi. Ẹjọ́ mi ń dúró de ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lẹ àmì mọ́ ọn, èmi sì ni ẹni náà.