Àlejò Ọjọ́ Ẹtì ní Ìlú Ayídé

Gbogbo Òkè-Fìà ló mọ̀ pé Mùyídéènì Adéjọbí, tó ń tún aago ṣe, gbé dáìsì lúdò mì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1973. Ohun tí wọn kò mọ̀, tó sì ń bí Tíṣà Cornelius Ọlọ́rundáre nínú dòní, ni ìdí tó fi gbé e mì. Wọ́n ní orí rẹ̀ ló dàrú. Wọ́n ní ẹni tó ń tú aago lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, aago á tú òun náà. Irọ́ ni. Cornelius wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe, ọkùnrin náà sì mọ ohun tó ń ṣe.

Eré ni wọ́n ń ṣe, Mùyídéènì ló sì dá a sílẹ̀. Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó bi ara rẹ̀ pé bí ìlú kékeré kan bá kọ̀ ńkọ́? Ó sọ ìlú náà ní Ayídé. Ní Ayídé, inú ilé nìkan ni òjò ń rọ̀ sí, aago ń lù nígbà tó bá wù ú, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ojú irin kan tí kò ní awakọ̀ máa ń dúró ní téṣàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, olúkúlùkù ló ń pè é ní ẹbí òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀. Ta ni àlejò náà? Ohun tí wọ́n ń wádìí nìyẹn.

Mùyídéènì ló ń sọ bí ìlú ṣe rí. Sàláúdéènì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ni ọlọ́pàá Ayídé. Kàdíjátù, ìyàwó Mùyídéènì, ni ọ̀gá téṣàn. Cornelius, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni akọ̀wé pósítọ́fíìsì. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n á ti àwọn aago tó wà lórí tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ṣeré títí di Mágàríbì. Ìjẹ̀ṣà ni Cornelius, Mẹ́tọ́díìsì sì ni. Phebe ìyàwó rẹ̀ wà ní Iléṣà nídìí aṣọ tó ń tà, òun nìkan ló ń gbé yàrá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí kì í bá ṣe ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ìṣirò lọ. Kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á kí eré náà má tú.

Ohun tó sì fẹ́ tú u ni òfin. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ṣe nǹkan ní Ayídé, kí la ó fi mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe? Cornelius ló mú dáìsì wá. Ó ní ẹni tó bá ju ẹẹ́fà, ó yege; ẹni tó bá ju oókan, ó kú. Lọ́jọ́ náà, Kàdíjátù ní ọ̀gá téṣàn fẹ́ bọ àlejò lọ́wọ́. Ó ju dáìsì, ó já sí oókan.

"Ọ̀gá téṣàn ti kú," ni Cornelius wí.

"Kí ló pa á?" Mùyídéènì bèèrè.

"Oókan ni, Bàbá."

"Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba, tó kù díẹ̀ kó gba owó ìfẹ̀yìntì, oókan ló pa á?"

"Òfin ni, Bàbá."

"Ta ló bí dáìsì yìí ní Ayídé tó fi ń pa wọ́n lọ́mọ?" Ó mú un, ó jù ú sẹ́nu, ó fi omi inú kọ́ọ̀bù lé e. "Ó parí. Kò ní pa ará ìlú mi mọ́."

Kàdíjátù kò dìde. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Lúdò Raliat ọmọ-ọmọ yín nìyẹn, ẹ ó dá a padà fún un." Ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Raliat kò gbà á.

Ọ̀nà kan ò wọjà, wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ọmọ ayò dán an wò: bu ọmọ ayò ní ìbùkúbù, bó bá jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì, ó yege. Sàláúdéènì ti ń ta ayò láti kékeré, ó lè fi ọwọ́ ka ọmọ ayò nínú òkùnkùn. Odindi oṣù kan, ọlọ́pàá Ayídé kò kùnà lẹ́ẹ̀kan. Inú bí Mùyídéènì gidi. Ó ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ sínú ilé, àwọn èèyàn lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa gba irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ gbọ́? Wọ́n bọ́ sórí káàdì wọ́ọ̀tì. Àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ibi tó ti wá ni Sàláúdéènì bá ní, "Gbé méjì." Àlejò pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ni Cornelius bá fi gbogbo ọlidé ọdún náà kọ òfin ní Iléṣà. Ìwé méjì ló kún, òfin méjìléláàádọ́fà, tí òjò inú ilé nìkan gba ojú ewé mẹ́ta. Mùyídéènì há awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú, ó kà á látòkèdélẹ̀.

"Tíṣà, níbo ni ẹkún wà níbẹ̀?"

"Ẹkún báwo, Bàbá?"

"Ẹkún tí Kàdíjátù sun lọ́jọ́sí. Ó ní ìrìn àlejò náà jọ ti ẹ̀gbọ́n òun tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò tí kò padà. Òfin kélòó nìyẹn?"

Cornelius kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Odindi ọlidé! Lójú iná àtùpà, tí Phebe ń bi í bóyá ìjọba ló gbé iṣẹ́ náà fún un! Ọjọ́bọ̀ méjì ló lò ní yàrá, ó ń bínú, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ìbínú náà.

Ọjọ́bọ̀ kẹta, Mùyídéènì fẹsẹ̀ rìn wá bá a ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò bẹ̀ ẹ́, nítorí kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí òfin náà. Ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹ ní Ayídé, kó kọ́kọ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ láyé yìí, tí kò tíì yé e dòní. Bó bá jẹ́ òótọ́, ó ṣẹ."

"Ta ló máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?"

"Àwa tá a jókòó."

Cornelius ní èyí kì í ṣe òfin rárá. Ó ń sọ ọ́ lọ lójú ọ̀nà títí wọ́n fi dé Òkè-Fìà.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Sàláúdéènì sọ ti ọkùnrin kan tó wá wọn ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń ga sí i lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, tí kò sì wá gba ṣòkòtò náà mọ́. Ó gbé ṣòkòtò náà wá kí wọ́n lè rí i. Cornelius sọ pé lọ́jọ́ tí bàbá òun kú, bàbá náà ní kí òun bá a kí Abíọ́lá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń jẹ́ Abíọ́lá nínú ẹbí tàbí nínú ìjọ wọn. Mùyídéènì ní, "Òótọ́ ni. Pósítọ́fíìsì ṣí." Cornelius kò tíì sọ ọ́ fún Phebe pàápàá.

Ṣùgbọ́n ta ni àlejò? Ní ọdún 1977, tí Mùyídéènì ti ń rù, tó ń wúkọ́, sùúrù Cornelius tán. Àwọn baba rẹ̀ ti ta aṣọ káàkiri gẹ́gẹ́ bí òṣómàáló, àwọn tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá jẹ wọ́n, tí wọn kì í dìde títí yóò fi san án. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Èdè Iléṣà bọ́ sí i lẹ́nu.

"Mi éè níí dìde."

Mùyídéènì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ní, "Orúnkún ńkọ́, Tíṣà?"

"Ẹ sọ ọ́."

Èrò ti pé jọ. Obìnrin kan ní, "Háà, Bàbá Aláago, ẹ̀yin náà ń jẹ gbèsè?" Ọ̀rọ̀ yìí wọ Mùyídéènì lára, ẹni tí kò jẹ kọ́bọ̀ rí. "Èmi? Tíṣà, dìde. Ó di Ọjọ́bọ̀, màá sọ ọ́." Orúnkún Cornelius kọ̀, èèyàn méjì ló fà á dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Mùyídéènì kú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹnì kan rántí dáìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí Cornelius sí wọn. Inú bí i sí òkú náà jù wọ́n lọ. Ó lọ bá Kàdíjátù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó sọ ọ́ fún yín?"

"Mo bi í. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní wá mọ́."

Cornelius ní èyí kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí. Ó ní òun kò ní débẹ̀ mọ́ láyé òun.

Lọ́jọ́bọ̀, ó débẹ̀. Kò sẹ́ni tó wáyìn aago, gbogbo wọn ti dúró. Kàdíjátù àti Sàláúdéènì jókòó, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn òfin," ni Kàdíjátù wí. "Ẹ sọ bí ìlú ṣe rí."

Cornelius fa àga, ó jókòó. "Ẹni tí mo bá ń bínú sí, kì í wù mí láti rí. Èyí, mo ń bínú sí i, ó sì ń wù mí kí n rí i. Kò yé mi."

"Òótọ́ ni," ni Sàláúdéènì wí.

"Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọkọ̀ ti dúró. Ẹnì kan ń sọ̀kalẹ̀. Ó há awò kékeré kan sójú, ó ń wo aago téṣàn, ó ní wọn kò tún un ṣe dáadáa."

Kàdíjátù fi ìborùn nu ojú. "Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ayídé, kò sẹ́ni tó gbàgbé orúkọ.

Cornelius dìde lórí àga. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, pẹ̀lú orúnkún yẹn náà.

"Ẹ sọ fún un pé mi éè níí dìde," ó ní. "Kó jókòó ná."