Ọjọ́ Tí A Jẹ Ata Ṣáájú Ẹran

Láti ọjọ́ Wẹ́sídeè ni àpótí ìrìn-àjò àǹtí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lọ́dọ̀ wa ní Meadowvale, ní Kánádà níbí, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Wọ́n ní kí n pe àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú, kí wọ́n bá àwọn yí ọjọ́ padà. Mo ní mo ti gbọ́, màá pè wọ́n. N ò pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ sí mi. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ wọn n'Íbàdàn, ilé wọn náà ni mo sì ti jáde lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ ní Kánádà, láyé ìjọba ológun. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í na ọmọ láìnídìí, ṣùgbọ́n òfin kan wà nídìí àwo oúnjẹ wọn tí kì í yẹ̀: ẹran la máa ń jẹ gbẹ̀yìn. Bí ọmọ bá fọwọ́ kan ẹran kí oúnjẹ tó tán, wọ́n á kàn wò ó báyìí ni. Ìwò yẹn ta ju ẹgba lọ. Ọmọ tó bá sì pa òfin mọ́, tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán tí ẹran rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ àwo bí ẹni tó ń dúró de àlejò, wọ́n á ṣẹ́ nínú ẹran tiwọn lé e. Wọn ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n á ṣáà gbé e síbẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo padà sílé, òkú ni mo sì lọ sin nígbà méjèèjì. Ta ló ń ráyè jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé òkú? Oṣù mẹ́ta yìí ni mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá.

Kí ló wá dé tí wọ́n fẹ́ máa lọ? Ata ni.

Ata ti kúrò nílé mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lé e. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, wọ́n máa ń sunkún bí ọbẹ̀ bá ta wọ́n lẹ́nu, ìyàwó mi bá dín in kù. Níbi iṣẹ́ mi ní Woodbridge, níbi tí mo ti ń darí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ẹnì kan ráhùn lọ́jọ́ kan pé òórùn ọbẹ̀ tí mo mú gbóná kò jẹ́ kí òun lè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì lọ. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn, títí ọbẹ̀ wa fi di ohun pupa lásán.

Lọ́jọ́ tí àǹtí mi dé, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ta ló ń ṣàìsàn nínú ilé yìí?”

“Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn, mà.”

“Ọbẹ̀ aláìsàn rèé.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó sì se òmíràn lọ́jọ́ kejì, ó fi ata sí i dáadáa. Mo bu òkèlè kan, ikọ́ gbé mi. Ife omi méjì ni mo mu kí ojú mi tó wálẹ̀. Ikọ́ yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Àǹtí mi kàn ń wò mí ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agolo ata gígún tí wọ́n gbé wá fún mi láti Ìbàdàn, ata tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sá gbẹ, kò sí lórí tábìlì mọ́. Wọ́n ti dá a padà sínú àpótí. “Kí n gbé e padà fún àwọn tó ń jẹ ẹ́,” ni wọ́n wí. Láti ọjọ́ náà, tíì àti búrẹ́dì ni wọ́n ń fi gbé ara wọn ró. Mo sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ń bá ọ̀rẹ́ wọn kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù: “Ilé dára. Ọmọ náà ń tọ́jú mi. Àmọ́ kì í ṣe ẹni tí mo tọ́ ni mo bá níbí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọmọbìnrin mi àgbà, tó ń gbé nítòsí yunifásítì rẹ̀ ní Scarborough, ló pè lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo ṣe sọ Yorùbá sí i, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní kí n gbé Màmá Àgbà, bó ṣe ń pe àǹtí mi, wá, òun mọ ibi oúnjẹ kan, ti àwọn ará Ṣáínà.

“Oúnjẹ Ṣáínà?” ni àǹtí mi wí. “Ṣé ìrẹsì yẹn tí wọ́n máa ń po kárọ́ọ̀tì mọ́ níbi ìgbéyàwó?”

“Ọmọ yín ló ní kí ẹ wá, mà.”

“Ó dáa. Kí n fìyẹn ṣe ó dàbọ̀ fún un.”

Èmi náà ò mọ̀ ju ìrẹsì kárọ́ọ̀tì yẹn lọ. Àfi ìgbà tí a dé pílásà tí ilé oúnjẹ náà wà, níbi tí ọmọbìnrin mi ti ń dúró dè wá, tí mo ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Kí àǹtí mi tó sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ti gbé imú sókè. “Súyà,” ni wọ́n wí. Lóòótọ́, ọkùnrin kan wà níta tó ń yan ẹran àgùntàn lórí èédú, ó gún un mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń da ata àti ohun olóòórùn dídùn kan lé e lórí bí iná ṣe ń jó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àǹtí mi lọ. Òórùn mìíràn ló fà wọ́n, òórùn tí ọmọbìnrin mi torí ẹ̀ fi ọwọ́ bo imú.

“Irú,” ni wọ́n wí, wọ́n sì kọrí síbẹ̀.

Wàrà sóyà ni, irú èyí tí àwọn ará Ìlọrin máa ń dín, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ti jẹ́ kó kan, kó sì bù dáadáa, kí wọ́n tó dà á sínú epo gbígbóná. Wọ́n fi ata sí i lórí. Ìdúró ni àǹtí mi jẹ ẹ́, láàárín àwọn èrò.

“Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ ká jẹun lójú títì.”

“Ojú títì àdúgbò mi kọ́ nìyí. Ta ló mọ̀ mí?”

Inú ilé oúnjẹ náà kéré, ó sì gbóná. Obìnrin tó ni ín wá láti Sichuan, ẹkùn kan ní Ṣáínà tí ìkùukùu ti ń pọ̀, tó jẹ́ pé ata ni wọ́n fi ń mú ara yá. Ó bi wá bóyá ata díẹ̀ la fẹ́ àbí púpọ̀. Àǹtí mi ní kí ọmọbìnrin mi sọ fún un pé kó sè é bí ẹni tó ń sè é fún ìyá tirẹ̀.

Àwo tí wọ́n gbé wá, òkìtì ata ni. Ata gbígbẹ pupa, odindi, bí ẹni da agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹran adìyẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kóró róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Ìrẹsì funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àsìkò yẹn ni fóònù ọmọbìnrin mi dún, ó sì jáde lọ dáhùn.

Ohun tí mo ṣe, n ò rò ó kí n tó ṣe é. Mo bu tèmi, mo ṣa ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ata àti kóró náà jẹ ìrẹsì. Àǹtí mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ata náà ń rún lẹ́nu, ó ní òórùn èéfín díẹ̀. Ẹyọ kìn-ín-ní kò ṣe nǹkan. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, omi ti ń dà lójú mi. N ò wúkọ́. Mo gbójú mi sílẹ̀, mo ń jẹ. Ife omi wà nítòsí, n ò fọwọ́ kàn án. Òógùn ti yọ sórí imú àǹtí mi.

Lẹ́yìn náà, n ò mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé mo ní ètè. Ahọ́n mi ń gbọ̀n bí fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ti gbọ́ bí rọpárọsẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń wá fóònù kí n pe ìyàwó mi tó wà ní ṣífìtì ní ọsibítù.

“Àǹtí, ẹnu mi ti kú o.”

Àǹtí mi di ojú, wọ́n rọra ń jẹ ọ̀kan nínú àwọn kóró náà.

“Orín ata,” ni wọ́n wí.

Mo dáwọ́ dúró. Orín ata, pákò tí wọ́n máa ń há fún wa láràárọ̀ kí a tó lọ sí ilé-ìwé, tó máa ń jẹ́ kí ẹnu èèyàn kú títí a ó fi tò tán lórí ìlà. Òun náà ni. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, àfi bíi pé igi kóró náà àti igi orín ata jẹ́ ọmọ ìyá.

Ọmọbìnrin mi wọlé, ó dúró.

“Dádì, kí lẹ ń ṣe?” Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló fi sọ ọ́. “Wọn kì í jẹ ata yẹn. Ẹran ni wọ́n máa ń ṣà nínú ẹ̀, wọ́n á fi ata sílẹ̀.”

Obìnrin onílé oúnjẹ ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo àwo wa, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ nǹkan tí ọmọbìnrin mi túmọ̀ fún wa.

“Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ta oúnjẹ, òun ò rí ẹni tó ń jẹ ata tó wá ṣẹ́ ẹran kù rí.”

“Sọ fún un pé a ò ṣẹ́ ẹran kù,” ni àǹtí mi wí. “Ẹran ló kàn.”

Nígbà náà ni wọ́n wo àwo mi. Ẹran mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo rẹ̀, n ò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ẹran kan nínú tiwọn, wọ́n gbé e lé tèmi, wọ́n sì yíjú sí ọmọbìnrin mi, wọ́n ní kó jókòó kó jẹun, kí ló ń dúró fún.

A jẹ ẹran wa. Ata tó kù, àǹtí mi ní kí wọ́n dì í fún àwọn.

Nígbà tí a délé, wọ́n tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n yọ agolo ata gígún. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.

“Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú yẹn, kí ni wọ́n wí?”

“N ò tíì pè wọ́n, mà.”

“Mo mọ̀.” Wọ́n ti ń lọ sí kíṣìnì. “Gbé àpótí yẹn wọlé. Ó ń dínà mọ́ wa.”