Ìtanràn Tó Bá Kabirat Nínú Opó

Ẹ wò ó, ẹni tí kò bá ṣe opó rí kò lè mọ bí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ṣe gùn tó. Kabirat ṣe tiẹ̀ pé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Sùrájù ọkọ ẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, kò yọ ẹsẹ̀ kúrò nílé wọn ní Ìkòsí, àfi ìgbà kan tó lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rán aṣọ iléèwé wà ní títì. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n, aládùúgbò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé ìjọba náà á mọ̀. Áà, ìjọba kẹ̀!

Ìparí oṣù kẹta ni gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ ohun tó pa wọlé lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí. Ọdọọdún ni Sùrájù ń bá a ṣe é. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday kan, á bi í pé yunifọ́ọ̀mù mélòó ló rán, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, á ní ó ti parí. Kabirat ò bi í rí pé ibo ló ń tẹ̀ ẹ́ sí. Kí ló fẹ́ bi í fún? Ọkọ wà níbẹ̀.

Ìgbà tó jáde opó ló bá ìwé ìtanràn lábẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, pé kò kọ ohun tó pa wọlé ránṣẹ́ lọ́dún yìí. Owó inú ẹ̀ ju ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ bí kò bá san án, kò ní rí ìwé ẹ̀rí owó orí gbà, bí kò bá sì rí i gbà, iléèwé kan ní Mende tó ń fún un ní iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù á gbé iṣẹ́ náà fẹ́lòmíì. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Kúnbi tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fojú fo ìtanràn náà, opó lòun ń ṣe.

Ọ̀gá Ọláìyá ló gba ìwé náà lọ́fíìsì, ọkùnrin kan tí irun ẹ̀ ti ń funfun, tí ojú ẹ̀ ò sì le. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kí i kú àsẹ̀yìndè. Ọkàn Kabirat ti ń balẹ̀ bọ̀ kí ọkùnrin náà tó ṣàlàyé pé ẹni tí kò rí ọ̀nà kankan kọ owó tó pa wọlé ránṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń dárí ìtanràn jì. Orí fóònù ni wọ́n sì ń ṣe é báyìí. Inú ilé tó ti ń ṣe opó gan-an, ó lè ṣe é níbẹ̀. Ta ló ní kó jáde?

“Mummy, béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran.”

Kò fi pẹ̀gàn ẹ̀ o. Bí àgbà ṣe ń sọ ọ́ ló sọ ọ́.

Kabirat dá a lóhùn.

“Ọ̀gá, ẹni tí mo fi ń ríran ni mo ń sunkún ẹ̀.”

Ọ̀gá Ọláìyá bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní kó má bínú, kì í ṣe òun ló ṣòfin. Ó tẹ òǹtẹ̀ lé ìwé náà pé àwọn ò gbà, ó wá fi ìka han Kabirat ibi tó máa fọwọ́ sí pé òun ti rí èsì náà.

Kabirat sì fọwọ́ sí i.