Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Ká Fi Àgbàdo Yan Ohun Tó Máa Ṣíwájú

Tí mo bá gbóòórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan, ibi yòówù kí n wà ní ìlú Ọ̀yọ́ níbí, ọkàn mi á kàn lọ tààrà sí ilé gàrí àwọn ẹbí ọkọ mi ní Ìkòyí-Ilé. Òórùn kíkan yẹn, èéfín igi, àti epo pupa díẹ̀ tí a fi ń nu inú agbada kí gàrí má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ògiri amọ̀ ló ní, páànù òrùlé rẹ̀ ti dú bí ìdí ìkòkò, fèrèsé kékeré kan péré ló sì wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo parí sẹ́kọ́ńdìrì tí mo fi ṣègbéyàwó, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àwọn ìyàwó ilé á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá ọkọ mi á wà nídìí agbada tó tóbi jù, ohun tí wọ́n bá sì ti sọ, abẹ gé e.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin, ẹ̀yìn mi ló máa ń wà tí mo bá ń yan gàrí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nìyẹn. Tó bá ti wúkọ́ báyìí, ìhà rẹ̀ á máa wọnú, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé nǹkan kan ń họ mí lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ìyá ọmọ, oògùn nìkan ò lè ṣe é o. Ẹ gbé e kúrò nínú èéfín." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n gbé e lọ? Ìyàwó tuntun wo ló máa sọ pé iṣẹ́ ilé ọkọ òun ò wu òun ṣe?

Àsìkò yẹn ni wọ́n pè wá sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbújá ni àwọn tó pè wá ti wá. Obìnrin kan láàárín wọn, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣàlàyé pé èéfín àti afẹ́fẹ́ burúkú tí gbogbo ayé ń tú sókè ló ń mú ayé gbóná, tí òjò ò fi rọ̀ lásìkò mọ́. Ó ní Nàìjíríà náà fẹ́ dín tirẹ̀ kù. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ṣe é pọ̀, àmọ́ agbára ìjọba ò ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi ará ìlú pé èwo ló yẹ kó ṣíwájú. Wọ́n lẹ àwòrán mọ́ ògiri: sólà, sítóòfù gáàsì, kòtò tí wọ́n ti ń fi ìgbẹ́ màlúù ṣe gáàsì, àti ààrò tó ní ihò gígùn tí èéfín ń gbà jáde síta, tí kì í sì í jẹ igi púpọ̀. Igbá wà níwájú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bu àgbàdo fún wa pé kí kálukú dà á síwájú èyí tó bá wù ú, pé èyí tí abúlé kọ̀ọ̀kan bá fi ṣe àkọ́kọ́, òun làwọn máa kọ́kọ́ gbé wá fún wọn dán wò. Ara mi yá gágá. Mo ti ń rí ààrò yẹn nínú ilé gàrí wa, mo ti ń rí ọmọ mi tó ń sùn wọ̀ọ̀.

Ohun tí àwọn àlejò yẹn ò mọ̀ ni pé nílé tiwa, ìyàwó kì í ya ọ̀nà tí àgbà ò yà. Wọ́n ní kí àgbà kọ́kọ́ dìde, wọ́n rò pé àwọn ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n rìn tààrà lọ síwájú sólà, wọ́n da gbogbo àgbàdo ọwọ́ wọn síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá iná tí á máa fa omi fún wa. Ni àwọn ìyàwó ilé bá tò tẹ̀ lé wọn, sólà, sólà, sólà. Inú obìnrin Àbújá dùn: "Ẹ̀yin ìyá wa, ohùn yín mà ṣọ̀kan o!"

Nígbà tó kàn mí, òógùn ti mú àgbàdo rin sí mi lọ́wọ́. Ọmọ wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo yà síbi ààrò, mo da tèmi síbẹ̀.

"Háà! Ìyàwó, ojú ń dùn ẹ́ ni? Ọ̀hún ni sólà wà!" ìyálé mi kan ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ìwé ló kà jù," òmíràn fèsì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. "Màmá, ẹ má bínú. Ọmọ yín yìí ò lè mí dáadáa."

Wọ́n wò mí títí. "Inú èéfín yẹn náà ni mo ti tọ́ ọkọ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Sólà ló wọlé. Nínú mọ́tò tó gbé wa padà, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, mo kàn ń fún ọmọ lọ́mú, omijé ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo dé ilé gàrí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi ti jókòó sídìí agbada tèmi. Wọn ò wojú mi. "Ìwọ, gbé ọmọ rẹ, lọ máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún." Wọ́n wá gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Láti òní lọ, ẹni tó bá ń fọ́mọ lọ́mú ò gbọdọ̀ dé ìdí iná yìí mọ́."

Ìyálé mi tó pariwo mọ́ mi lánàá ní, "Màmá, ta ni á wá máa ṣe iṣẹ́ wọn?"

"Ṣé mo ti kú ni?"

Abẹ́ igi yẹn ni mo ti gbádùn ilé ọkọ jù láyé mi. Atẹ́gùn ń fẹ́, ọmọ ń ṣeré nínú èèpo ẹ̀gẹ́, ikọ́ rẹ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi tán. Sólà yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa dòní. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, gáàsì ni mo sì fi ń dáná l'Ọ́yọ̀ọ́. Tí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Omi tí Màmá fẹ́ dára, ààrò tí mo fẹ́ náà dára. Àmọ́ mo ti wá mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣì dúró ná, ẹnì kan wà tó máa fara gba ìyà rẹ̀ títí tí nǹkan náà yóò fi kàn. Èéfín tí ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú ilé yẹn. Ìyá ọkọ mi ló ń mí i sínú.